Ìtọ́jú Ajá ní Ilẹ̀ Wa, láti Òjò Àkọ́rọ̀ títí di Ìgbà Ọyẹ́ àti Ooru

Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí ènìyàn ń rí kà nípa ìtọ́jú ajá ni wọ́n kọ fún ilẹ̀ tí yìnyín ti ń bo ojú ọ̀nà, tí òtútù sì ń gba oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ajá tó ń gbé ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo tàbí Èkó kò mọ irú ìgbà bẹ́ẹ̀. Òjò ni tirẹ̀, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, tó ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, tó sì tún ń padà wá títí di oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ á dé pẹ̀lú eruku rẹ̀, kí ooru oṣù kejì àti ìkẹta tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ló ní ewu tirẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn ewu náà ni a sì mọ àkókò tí wọ́n máa ń dé. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí alájá múra sílẹ̀ kí ìgbà tó yí, kó má ṣe dúró de ọjọ́ tí ajá bá kọ oúnjẹ. Ajá ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n n óò mẹ́nu kan ológbò níbi tí ohun tó ń ṣe ajá lóore bá ti lè pa á.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ara ajá yín nígbà tí ó wà ní àlàáfíà

Ẹ kò lè tètè mọ̀ pé ajá ń ṣàìsàn bí ẹ kò bá mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí ara rẹ̀ le. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tó ti jẹun tó sì ń ṣeré, ẹ rọra gbé ètè rẹ̀ sókè kí ẹ wo èrìgì rẹ̀, ìyẹn ẹran tó yí ìdí eyín ká. Nínú ajá tí ara rẹ̀ yá, èrìgì máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń tutù fún itọ́. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ títí ojú ibẹ̀ yóò fi funfun, kí ẹ sì gbé ìka kúrò; ó yẹ kí pupa rẹ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Àwọn ajá kan wà tí èrìgì wọn dúdú láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn: inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti máa wo tiwọn.

Ẹ ra tẹmómítà kan tí yóò jẹ́ ti ajá nìkan. Bí ẹ bá fi Vaseline pa á lórí, tí ẹ sì rọra tì í bọ ihò ìdí rẹ̀, ẹ óò rí i pé ìgbóná ara ajá tó wà ní àlàáfíà máa ń wà láàárín 38.3 sí 39.2 ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́sì. Ó ga ju ti ènìyàn lọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má kàn fi ọwọ́ kan ajá kí ó sì sọ pé ibà ń ṣe é. Ẹ wọn ìwúwo rẹ̀ pẹ̀lú: ẹ gbé e dání lórí òṣùwọ̀n, kí ẹ sì yọ ìwúwo tiyín kúrò nínú iye tí ẹ bá rí. Ìwúwo yìí ni a fi ń mọ ìwọ̀n oògùn aràn àti ti eégbọn, àfojúbù kò sì dára nínú ọ̀rọ̀ oògùn. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan pẹ̀lú ọjọ́ tí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ tún ilé ajá ṣe kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀

Oṣù kejì ni iṣẹ́ yìí ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Ilé ajá tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ga yóò máa gba omi ní gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀, ajá tó bá sì ń sùn lórí ilẹ̀ tutù kì í pẹ́ tí awọ ara rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ẹ to pákó sórí búlọ́ọ̀kù kí ibùsùn rẹ̀ lè ga kúrò nílẹ̀, kí ẹ fa páànù òrùlé jáde kọjá ẹnu ilé, kí ẹ sì ṣàkíyèsí ẹ̀gbẹ́ tí òjò ti máa ń gbá wọlé lágbègbè yín kí ẹ lè kọ ẹ̀yìn ilé náà sí i. Gbogbo ibi tí ògiri ti lanu ni kí ẹ fi sìmẹ́ńtì dí. Ẹ óò rí ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ní ìgbésẹ̀ tó tẹ̀lé e.

Àkókò yìí náà ni kí ẹ ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ti aràn. Ọmọ ajá máa ń bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ alápapọ̀, èyí tó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ párífò àti àwọn àrùn mìíràn, nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọn yóò sì máa tún un fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ẹ má ṣe dúró lórí ẹyọ kan ṣoṣo. Párífò ni àrùn tí ó máa ń mú kí ọmọ ajá bì, kí ó sì máa yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tó ń rùn gidigidi, ó sì lè pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí tó ń fà á lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, àní fún ọdún kan, nítorí náà bí ọmọ ajá bá ti kú nípa rẹ̀ nínú ọgbà yín, ẹ má ṣe mú òmíràn wọ ibẹ̀ kí ó tó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé. Ọṣẹ lásán kò ràn án. Hypo tàbí Jik tí ẹ bá fi ìwọ̀n omi 30 là ni kí ẹ fi fọ ilẹ̀ sìmẹ́ńtì lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbá ìdọ̀tí kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí ó wà nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó ṣàn án.

Ní ti aràn, ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ ajá bá pé ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ máa tún un ní ọ̀sẹ̀ méjì síra títí di ọ̀sẹ̀ 12, kí ó sì di oṣooṣù títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Ajá àgbà lè máa lo tirẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ilẹ̀ tutù ni ẹyin aràn fẹ́ràn jù, nítorí náà ẹ máa kó ìgbẹ́ ajá kúrò nílẹ̀ lójoojúmọ́ nígbà òjò. Àwọn ọmọdé tó ń fi ẹsẹ̀ lásán ṣeré nínú ọgbà náà wà nínú ewu aràn yìí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ gbógun ti eégbọn, lára ajá àti nínú ilé

Ní tèmi o, bí ó bá jẹ́ pé ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ni ẹnì kan lè ṣe nínú gbogbo èyí tí mo ń kọ, lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àjẹsára, èyí ni kó ṣe. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì tutù tó sì tún móoru, eégbọn á gbilẹ̀. Abo eégbọn kan tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó lè yé ẹyin tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, kì í sì í yé wọn sí ara ajá. Yóò já bọ́, yóò gun ògiri, yóò wọ inú ibi tó lanu lára sìmẹ́ńtì tàbí abẹ́ pákó, ibẹ̀ ni yóò sì yé e sí. Àwọn ọmọ tó bá pa nínú rẹ̀ yóò gun ajá, wọn yóò mu ẹ̀jẹ̀, wọn yóò tún sọ̀ kalẹ̀ lọ pa awọ dà, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe nígbà mẹ́ta kí ayé wọn tó pé. Èyí túmọ̀ sí pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn eégbọn yín kò sí lára ajá rárá ní àkókò tí ẹ ń wẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ń tọ́jú ajá láìtọ́jú ilé yóò máa ná owó oògùn títí ni.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni àyẹ̀wò ìrọ̀lẹ́. Lójoojúmọ́ nígbà òjò, ẹ fi ọwọ́ wá inú etí rẹ̀, abẹ́ ọrùn níbi tí okùn ọrùn bò, abíyá, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, itan àti abẹ́ ìrù. Bí ẹ bá rí eégbọn, ẹ fi ẹ̀mú kékeré dì í mú níbi tó ti kan awọ gan-an, kí ẹ fà á jáde gbọọrọ láìlọ́ ọ. Ẹ má ṣe da kẹrosíìnì lé e, ẹ má ṣe fi iná sun ún, ẹ má sì fi èékánná fọ́ ọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ lè ní àrùn. Ẹ jù ú sínú spírítì, kí ẹ fọ ọwọ́. Eégbọn sábà máa ń nílò bí ọjọ́ kan sí méjì lára ajá kí ó tó lè kó ibà eégbọn ràn án. Èyí ni àyẹ̀wò ojoojúmọ́ fi níye lórí.

Iṣẹ́ kejì ni oògùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ níhìn-ín. Oògùn tí a ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn wà, oníhóró tí ajá ń jẹ wà, èyí tó ń ṣiṣẹ́ fún oṣù kan tàbí oṣù mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko yan èyí tó bá ọjọ́ orí àti ìwúwo rẹ̀ mu. Ẹ má ṣe fi òtápíápíá wẹ ajá. Mo mọ̀ pé ó wọ́pọ̀, mo mọ̀ pé kò wọ́n, mo sì mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé àwọn ti ń lò ó láti ọjọ́ pípẹ́. Oró tó wà nínú rẹ̀ máa ń gba awọ ara wọlé, ó sì máa ń dà iṣan ara rú: itọ́ yóò máa ṣàn lẹ́nu ajá, yóò máa bì, ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, ọmọlójú rẹ̀ yóò sún kì, èémí rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í há. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ̀ ọ́ kíákíá, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko lójú ẹsẹ̀, nítorí abẹ́rẹ́ tó ń ṣẹ́gun oró náà wà lọ́dọ̀ wọn. Epo pupa tí a máa ń sáré dà sí ajá lẹ́nu kò ṣe é lóore. Ó lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bákan náà ni ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀, tí àwọn kan fi ń pa ajá tí irun rẹ̀ ń ré: oró ni, ajá yóò sì lá a nígbà tó bá ń lá ara rẹ̀.

Fún àwọn tó ní ológbò, ẹ kà á kí ó yé yín: ọ̀pọ̀ oògùn eégbọn ajá ló ní pẹ́mẹ́tírìn nínú, pẹ́mẹ́tírìn sì lè pa ológbò. Ẹ má ṣe kán oògùn ajá sára ológbò, kódà kí ó jẹ́ díẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ológbò sùn ti ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kán oògùn náà sí lára.

Iṣẹ́ kẹta ni ilé. Ẹ gbá a, ẹ dí gbogbo ibi tó lanu, ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ tí ajá ń sùn lé, kí ẹ sì sá a sóòrùn. Bí ẹ bá fẹ́ fọ́n oògùn sí ògiri, ẹ kó ajá àti abọ́ rẹ̀ jáde, kí ẹ má sì dá a padà títí tí ibẹ̀ yóò fi gbẹ tán. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí ẹyin tí oògùn kò pa yóò ti pa ọmọ nígbà náà.

Àmì ibà eégbọn ni pé ajá tó ń sáré káàkiri yóò dákẹ́, yóò kọ oúnjẹ, ara rẹ̀ yóò gbóná, èrìgì rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, nítorí pé àrùn náà ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ìtọ̀ rẹ̀ lè dúdú bíi Coke. Ẹ má ṣe ra oògùn ibà ènìyàn fún un, ẹ má sì fún un ní parasitámọ̀. Horo kan ṣoṣo nínú rẹ̀ lè pa ológbò. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àwọn ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn àti ti yunifásítì ètò ọ̀gbìn tó wà ní Abẹ́òkúta wà lára irú ibi bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Nígbà tí òjò bá wà lẹ́nu iṣẹ́

Ẹ má ṣe fi ajá sílẹ̀ lórí ẹ̀wọ̀n bí ojú ọjọ́ bá ṣú tí ẹ sì ń jáde lọ. Ẹni tó bá rántí àgbàrá tó ṣọṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 mọ bí omi ṣe lè gba àdúgbò láàárín wákàtí díẹ̀. Ajá tó lómìnira yóò wá ibi gíga lọ, ṣùgbọ́n èyí tí a so mọ́lẹ̀ kò ní ọ̀nà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó mu omi àgbàrá tàbí kí ó máa wẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí ìtọ̀ eku tó wà nínú omi bẹ́ẹ̀ ń fa àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́, ènìyàn náà sì lè kó o. Àjẹsára rẹ̀ wà. Ẹ béèrè fún un lọ́dọọdún.

Bí ara rẹ̀ bá tutù, ẹ nù ún gbẹ, pàápàá àwọn onírun gígùn bíi Lhasa àti Caucasian, kí ẹ sì nu inú etí. Etí tó ń rùn, tí ajá ń họ tàbí tó ń gbọn orí nítorí rẹ̀, ti ní àrùn. Bí ó bá gé ọ̀pọ̀lọ́ jẹ ní alẹ́, tí itọ́ sì ń hó lẹ́nu rẹ̀, ẹ dorí rẹ̀ kọlẹ̀, ẹ fi omi ṣan ẹnu rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan kí omi má bàa wọ ọ̀nà ọ̀fun, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà bí ara rẹ̀ bá ń gbọ̀n. Eṣinṣin kan tún wà tó máa ń yé ẹyin sínú iyanrìn tutù, tí ìdin rẹ̀ ń wọ inú awọ ajá, tó sì ń wú bí eéwo tí ó ní ihò kékeré lórí. Ẹ fi Vaseline dí ihò náà kí ìdin náà lè yọ orí jáde láti mí, kí ẹ rọra fún un jáde lódindi, kí ẹ sì fọ ojú ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò gùn: ẹ má ṣe fún ajá ní oúnjẹ tó ti bu. Àgbàdo àti oúnjẹ gbígbẹ tó gba ọ̀rinrin máa ń ní oró tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sísè kò sì ń pa oró náà tán. Inú ike oníderí ni kí ẹ máa kó o sí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, ẹ tún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi gbà

Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n yà sọ́tọ̀ lágbàáyé fún ìgbógunti àrùn dìgbòlugi, nítorí pé ọjọ́ náà ní ọdún 1895 ni Louis Pasteur, tó lo àjẹsára àrùn yìí fún ènìyàn ní ọdún 1885, dágbére fún ayé. Ní àkókò yìí, àwọn dókítà ẹranko níbi púpọ̀ máa ń fún ajá ní abẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú, nítorí náà ẹ béèrè ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ọmọ ajá ń gba tirẹ̀ nígbà tó bá pé oṣù mẹ́ta, ó sì ń tún un gbà lọ́dọọdún. Ológbò náà yẹ kó gbà á. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí, kí ẹ sì fi pamọ́.

Bí ajá kankan bá gé ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe fi irun ajá, epo tàbí àgúnmu lé e. Bí ó bá ṣeé ṣe láìséwu, ẹ ti ajá náà mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́wàá kí dókítà ẹranko lè máa wò ó. Ẹ má ṣe sáré pa á, ẹ má sì fi àkókò yìí fi ìtọ́jú ẹni tó gé jẹ falẹ̀, nítorí bí àmì dìgbòlugi bá ti yọ lára ènìyàn, kò sí oògùn tó lè wò ó mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ọyẹ́ àti ariwo ọdún

Nígbà ọyẹ́, òtútù òwúrọ̀ ń le, eruku ń wọ ojú àti imú, awọ àtẹ́lẹsẹ̀ sì ń sán. Ẹ fi omi tó ti hó tó sì ti tutù nu ojú rẹ̀, ẹ fi Vaseline díẹ̀ pa àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní alẹ́, kí ẹ sì dín ìwẹ̀ kù. Ọmọ ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè mú ara rẹ̀ móoru. Ẹ fi páálí àti aṣọ ṣe ibùsùn fún un nínú ilé, pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ẹ gé koríko tó yí ilé ká, nítorí ìgbà tí wọ́n bá ń sun igbó ni ejò máa ń sá wọ ọgbà. Bí ejò bá bu ajá ṣán, ẹ gbé e, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rìn, ẹ má ṣe fi abẹ gbẹ́ ojú ibẹ̀, ẹ má sì fi okùn dè é.

Nǹkan tó máa ń bà mí nínú jẹ́ jù ní ìparí ọdún ni iye ajá tó ń sọnù nítorí bángà. Etí ajá mú ju tiwa lọ, ìbẹ̀rù sì lè mú kí ó fo ògiri tí kò fò rí. Láti bí ọjọ́ 20 oṣù kejìlá, ẹ so nọ́ńbà fóònù yín mọ́ okùn ọrùn rẹ̀, ẹ mú un rìn kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ sì tì í mọ́ yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ padé, tí rédíò ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ má ṣe nà án nítorí pé ó ń gbọ̀n. Ẹ sọ fún àwọn àlejò ọdún pé kí wọ́n má ju egungun adìẹ tí a ti sè sí i, nítorí ó máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí abẹ́rẹ́, ó sì lè gún ìfun. Ṣokoléètì àti àlùbọ́sà náà kò dára fún un.

Ìgbésẹ̀ keje: Ooru oṣù kejì àti ìkẹta

Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Mímí hẹlẹhẹlẹ ni ó fi ń tu ara rẹ̀ lára. Ilé ajá onípáànù tí kò ní ibòji yóò sè é. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bo òrùlé náà, kí ẹ fi abọ́ omi méjì sílẹ̀ bóyá ọ̀kan lè dà nù. Ajá tó wọn ogún kílò nílò tó lítà omi kan lójúmọ́, ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ooru. Kí aago méje òwúrọ̀ tó lù tàbí lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ mú un rìn. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọ̀dà títì: bí ẹ kò bá lè gbé e síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá méje, yóò jó àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ì báà jẹ́ pé ẹ fẹ́ ra búrẹ́dì lásán.

Bí ó bá ń mí láìdáwọ́dúró, tí èrìgì rẹ̀ pọ́n gan-an, tí itọ́ rẹ̀ ki, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tàbí tó ṣubú, ooru ti mú un nìyẹn. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi tútù sí i lára, pàápàá sí ikùn, abíyá àti itan, kí ẹ sì tan fáànù sí i. Bí kò bá sí iná, ẹ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ má ṣe fi aṣọ tutù bò ó mọ́lẹ̀, nítorí ó máa ń há ooru mọ́ ọn. Bí ó bá lè dá mu omi, ẹ fún un díẹ̀díẹ̀, ẹ má ṣe fi agídí bu ú sí i lẹ́nu. Ẹ wọn ìgbóná rẹ̀, kí ẹ sì dá omi náà dúró bí ó bá ti wálẹ̀ dé 39.5. Kódà bí ó bá ti dìde tó sì ń ju ìrù, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà, nítorí ìpalára tí ooru ń ṣe fún kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ lè fara pamọ́ fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta kí ó tó hàn.